Ewé Yánrin Kan fún Bísíkíìtì

Ilẹ̀ òyìnbó ni mo ti kọ́kọ́ rí ehoro tó ní orúkọ. Bísíkíìtì ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù, wọ́n ní, "Ṣé ẹran tí wọ́n máa pa ni wọ́n ń sọ lórúkọ?" Mo ní wọn ò ní í pa á. Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n wá ń tọ́jú ẹ̀ sí?" Èmi náà ṣì ń bi ara mi.

Kí n tó sọ ti ehoro yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nígbà náà, torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Mi ò gbọ́ ohùn bàbá mi mọ́. Láti ìgbà òtútù, bí mo bá pe nọ́ńbà wọn, obìnrin inú ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn pé kò lọ. Ìyá mi ní fóònù Bàbá ti bọ́ sínú korobá omi, ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Ọjà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́ ni ìyá mi ti ń ta ọṣẹ dúdú àti àdín, ní ìsọ̀ tí wọ́n jogún lọ́wọ́ ìyá tiwọn. Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni ilé bàbá mi wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe káfíńtà, tí wọ́n sì ń sin ehoro. Òpin ọ̀sẹ̀ ni ìyá mi máa ń wọ mọ́tò lọ bá wọn, tí wọ́n á jọ wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá di Mọ́ńdè, ìyá mi á tún padà sídìí ọjà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe láti kékeré mi nìyẹn, torí náà kò ṣòro láti gbà pé Bàbá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, fóònù wọn ló bàjẹ́. Mo gbà á. Mo gbà á títí gbígbà ọ̀hún fi rẹ̀ mí.

Ìbéèrè kan sì wà tí ìyá mi fi ń bẹ̀rẹ̀ lásìkò náà, ìgbàkígbà tí wọ́n bá pè. Wọn ò ní í tíì béèrè iṣẹ́, wọn ò ní í tíì béèrè bóyá mo ti jẹun. Wọ́n á ní, "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?" Màá ní, "Èmi nìkan ni, Mọ́mì." Wọ́n á ní, "Ó dáa, ó dáa," wọ́n á sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn, bóyá owó mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ tó tún ti lé sí i, tàbí àdín tí ẹnì kan fi omi lú tà fún wọn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti rí ọkọ ni. Ó máa ń bí mi nínú gan-an.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílẹ̀ yìí kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi. Ilẹ̀ tó ń ṣú lọ́sàn-án ni ẹnikẹ́ni ò sọ. Aago mẹ́rin ọ̀sán, tí oòrùn ṣì ń ta àwọn oníbàárà ìyá mi l'Ákẹ̀sán, wàá gbójú sókè níbí, ìta á ti dúdú bí ìdí ìkòkò, àwọn ènìyàn á sì máa rìn lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe. Ìdákẹ́jẹ́ ló tẹ̀ lé e. Ènìyàn mẹ́rin la jọ háyà inú ilé tí mo wà, a kì í ríra. Mo máa ń gbọ́ ilẹ̀kùn, mo máa ń gbọ́ omi. Lọ́jọ́ kan mo pàdé ọ̀kan nínú wọn lórí àtẹ̀gùn, bàbá olórí funfun, ni mo bá kúnlẹ̀ kí i bó ṣe mọ́ mi lára. Ó gbá mi lápá mú, ó ń bi mí bóyá kí òun pe dókítà. Ó rò pé òòyì ló kọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, orí ìdúró ni mo ti ń kí ènìyàn, orúnkún mi sì ń dá mi lẹ́bi.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo kọ́ l'Ọ́yọ̀ọ́, àmọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo rí ṣe níbí, láti ilé dé ilé. Ilé Màmá Dóróti ni mo ti pàdé Bísíkíìtì. Màmá náà ti darúgbó, àwọn nìkan ni wọ́n ń gbé, èmi ni mo máa ń wá wẹ̀ wọ́n láàárọ̀ tí mo sì ń po tíì fún wọn. Ehoro náà ń rìn káàkiri pálọ̀ bí onílé. Àwọ̀ rẹ̀ rí bíi ti bísíkíìtì lóòótọ́, ó sì sanra débi pé ó máa ń sinmi lọ́nà kó tó dé ìdí àga. Fíìdì gbígbẹ inú ọ̀rá ló ń jẹ, àti bísíkíìtì tí Màmá Dóróti bá ti rì bọ tíì. Mi ò rí ewé níwájú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo béèrè, Màmá Dóróti rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Kò mọ ewé. Àwa méjèèjì ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń fi ewé lọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ náà, torí ewé jíjá ni iṣẹ́ mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, ẹ̀yìn ilé ni màá gbà lọ já yánrin, ewé tí ehoro fẹ́ràn ju gbogbo ewé lọ, tí omi funfun máa ń yọ lára ẹ̀ tí o bá já a. Bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e fún ehoro pẹ̀lú omi lára. Orí pákó ni wọ́n máa tẹ́ ẹ sí lábẹ́ ìbòòji títí á fi rọ. Wọ́n ní ewé tó bá ní ìrì lára ń wú ehoro níkùn. Tí ehoro tuntun bá sì dé, tí kò mọ ewé wa, ẹyọ kan ni wọ́n máa fún un. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á wo ìgbẹ́ rẹ̀. Tó bá le, tó rí roboto bí ẹ̀wà, wọ́n á fún un ní méjì. Ewé àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n á kọ́kọ́ gé etí rẹ̀ jẹ, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á wá sọ fún ehoro náà pé, "Èmi náà ti jẹ ẹ́." Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń tọ́ omi wò fún àlejò náà nìyẹn, pé ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbì kan, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé a ò fẹ́ pa òun. Ìyá Ehoro ni wọ́n ń pè mí nígbà náà. A sì máa ń pa àwọn ehoro ọ̀hún jẹ nígbẹ̀yìn, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ létí Màmá Dóróti.

Nígbà tí òtútù ń parí lọ, Màmá Dóróti ṣubú ní balùwẹ̀. Láti ilé ìwòsàn, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n gbé wọn lọ, wọn ò sì gba ẹran níbẹ̀. Ọmọ wọn ọkùnrin wá láti ìlú mìíràn, ó ń kó ẹrù sínú páálí. Ó ní òun máa gbé ehoro náà lọ síbi tí wọ́n ń kó ẹran tí kò ní olùtọ́jú sí. Ẹnu mi yá jù mí lọ. Mo ní, "Gbé e fún mi."

Yàrá mi ò fẹ̀ ju ìsọ̀ ìyá mi lọ. Mo tẹ́ páálí sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un, ó gba abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ, kò jáde. Mo bu fíìdì rẹ̀ sílẹ̀, kò wò ó. Mo ti bísíkíìtì bọ tíì bí Màmá Dóróti ṣe máa ń ṣe, kò fẹnu kàn án. Ẹsẹ̀ ló ń fi lulẹ̀. Ẹni tó bá ti sin ehoro mọ ìró náà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń ṣe é: gì, á dákẹ́, gì. Bàbá máa ń sọ pé ehoro kì í fẹsẹ̀ lulẹ̀ lásán, ohun tó rí ló ń kìlọ̀ rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Mo wo yàrá yíká, mi ò rí nǹkan kan. Kò sì sí ẹgbẹ́ kankan fún un níbẹ̀ àfi èmi.

Lọ́jọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú, mo ṣílẹ̀kùn yàrá, òórùn pákó fífá kọlù mí. Òórùn ṣọ́ọ̀bù bàbá mi gan-an. Mo lọ sójú fèrèsé bóyá ẹnì kan ń fági níta, kò sí ẹnikẹ́ni. Bísíkíìtì ti jáde sí àárín yàrá, ó na etí méjèèjì sókè, ó kọjú sí àga mi tó ṣófo. Mo kí àga náà. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó mọ̀. Mo ní, "Ẹ káalẹ́, sà." Mi ò jókòó lórí àga yẹn lọ́jọ́ náà; orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti jẹun.

Mo gbé Bísíkíìtì lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ọmọbìnrin kékeré kan ni, ó tẹ ikùn rẹ̀, ó yẹ eyín rẹ̀ wò. Ó ní kò sí àrùn lára rẹ̀, àárò ló ń ṣe é, oúnjẹ gbígbẹ sì ti pọ̀ jù fún un ọjọ́ ti pẹ́. Ó ní ehoro tí kò bá jẹun kì í pẹ́ kú. Ó fún un ní oògùn, ó rọ oúnjẹ lílọ̀ sí i lẹ́nu, ó wá ní kí n máa fún un ní koríko gbígbẹ dáadáa, kí n sì máa fi ewé tútù mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀. "Oríṣi ewé kan ni kó o fi bẹ̀rẹ̀," ó ní, "ìwọ̀nba kékeré. Wo ìgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì kó o tó fi òmíràn kún un." Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ohùn ọmọdé sì ni, àmọ́ bàbá mi ni mò ń gbọ́. Omi bọ́ lójú mi níwájú rẹ̀. Ó rò pé nítorí ehoro ni, ó na tíṣù sí mi.

Bísíkíìtì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko gbígbẹ, ìwọ̀nba tí kò ní í jẹ́ kó kú. Ṣùgbọ́n ewé, kò gbà. Mo ra ewé kárọ́ọ̀tì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú. Mo ra létúùsì, ó wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé májèlé ka iwájú ẹ̀. Mi ò bá a jà. Èmi náà, nígbà tí mo dé, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ gbé oúnjẹ kan fún mi tí kò ní iyọ̀, tí kò ní ata, mo sì gbé e mì bí oògùn. Díẹ̀díẹ̀ ni ilẹ̀ yìí fi wọ̀ mí lára. Mo rántí ọjọ́ tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan bá mi sọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ láì ní kó tún un sọ. Ọ̀rọ̀ òjò lásán ni. Inú mi dùn títí mo fi délé, mi ò sì rí ẹni tí màá ròyìn rẹ̀ fún.

Nígbà tí ìyá mi tún pè, tí wọ́n ti bi mí ta ló wà lọ́dọ̀ mi, tí mo ti ní èmi nìkan ni, mo ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi bi Bàbá. Ehoro tí kò jẹ ewé rí láyé ẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń fi ewé mọ̀ ọ́n?" Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ohùn wọn ni mò ń wá. Mo rò pé tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ehoro, kò sí fóònù tó bàjẹ́ tó máa dá Bàbá dúró. Wọ́n á yá ti ẹlòmíràn.

Ìyá mi ní, "Màá bi wọ́n tí mo bá délé ní Sátidé."

Mo ní, "Ẹ kúkú gbé fóònù yín fún wọn ká jọ sọ̀rọ̀."

Wọ́n ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa ní apá ilé mọ́, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè mo jókòó ti fóònù títí ó fi dún. Ìyá mi ní, "Bàbá ẹ ní kí n kí ẹ o. Wọ́n ní ebi ló ń pa ehoro yẹn. Wọ́n ní kó o ra ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi, kó o fọ̀ ọ́ dáadáa, kó o dà á síwájú ẹ̀ bó ṣe tutù yẹn, kó jẹ ẹ́ títí á fi yó."

Bí ìyá mi ṣe máa ń bu oúnjẹ fún ènìyàn nìyẹn, tí abọ́ ò ní í ṣeé gbé. Ìyá tó fẹ́ kí gbogbo ohun tó lẹ́nu yó ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Àmọ́ bàbá mi, tó ń tẹ́ ewé sórí pákó, tó ń fún àlejò ní ẹyọ kan? Kódà tí ibà bá ń dà wọ́n láàmú, wọn ò lè sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, Mọ́mì." Mo rọra pa fóònù.

Nílé wa, wọn kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò lórí fóònù. Ẹ mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìyàwó Àlàájì tó ń ránṣọ ládùúgbò wa ṣaláìsí, tí ọmọ wọn wà nílẹ̀ òkèèrè, gbogbo àdúgbò pátá la jọ ń sọ fún un pé ìyá ẹ̀ lọ kí ẹbí n'Ílọrin, ìyá ẹ̀ ń kírun lọ́wọ́. Mo pe Akin, àbúrò mi tó ń wa kẹ̀kẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní, "Bàbá ńkọ́?" Ó ní, "Bàbá ń sùn, sìsítà mi." Ọ̀sán gangan ni. Bàbá mi kì í sùn lọ́sàn-án. Mo ní kó má jí wọn.

Mi ò béèrè mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀rù ló ń bà mí, kí n má purọ́. Bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì sọ ọ́ jáde, ó dà bí ẹni pé ó ṣì lè má rí bẹ́ẹ̀. Mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń wẹ àwọn bàbá oníbàbá, tí ọ̀kan bá ti ní ìka ọwọ́ gígùn bíi ti bàbá mi, màá wo ibòmíràn. Tí mo bá dé, Bísíkíìtì á ti kọjú sí àga. Mo wá ń bá àga náà sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Mo máa ń sọ fún un pé ehoro ò tíì jẹ ewé o, sà.

Nígbà tí oòrùn padà wá, mò ń da ilẹ̀ nù lẹ́yìn ilé, mo rí ewé kan nínú koríko, etí rẹ̀ rí bí eyín ayùn, òdòdó rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Mo tẹ̀ síwájú, mo tún padà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo já ẹyọ kan. Omi funfun yọ. Ó lè má jẹ́ yánrin wa gan-an, àmọ́ ọmọ ìyá ni wọ́n, ẹnikẹ́ni ò lè bá mi jiyàn rẹ̀. Nígbà tí mo kúrò nídìí ewé yẹn, ó dà bí ẹni pé ilé mi ti yàtọ̀ sí bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo gbé e wọlé, mo tẹ́ ẹ sórí pákó tí mo fi ń gé àlùbọ́sà, mo gbé e síbi tí oòrùn ò ti ní í kàn án. Mo jókòó sílẹ̀, mò ń dúró kó rọ.

Ibẹ̀ ni mo wà tí fóònù fi dún.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?" ìyá mi ní.

Mo ti la ẹnu láti dáhùn bí mo ṣe máa ń dáhùn. Ó wá yé mi. Wọn kì í béèrè rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbà tí fóònù Bàbá bàjẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọkọ ni wọ́n ń bi mí rárá.

Mo ní, "Ẹnì kan wà lọ́dọ̀ mi, Mọ́mì."

"Ta ni?"

"Bísíkíìtì ni. Ehoro yẹn. Àwa méjèèjì la jọ jókòó sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún mi."

Mo gbọ́ adìẹ kan tó ń ké lẹ́yìn wọn, mo sì mọ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n wà. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti yí padà. "Ọmọ mi, a ò rí ẹni tó máa wá jókòó tì ẹ́ ni. Wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ká wá ẹnì kan kó lọ bá ẹ nílé ká tó sọ ọ́. Gbogbo ẹni tá a mọ̀ níbẹ̀ ní ọ̀dọ̀ ẹ jìnnà sí àwọn. Báwo ni mo ṣe máa sọ irú ẹ̀ fún ọmọ tó dá wà?"

"Ìgbà wo ni?"

"Ìgbà ọyẹ́. Wọ́n ń tẹ́ ewé lọ́wọ́. Wọ́n ní ó rẹ àwọn díẹ̀, wọ́n jókòó. Wọn ò dìde mọ́."

Mo sunkún, ìyá mi náà sunkún, ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní kí ẹnì kejì dákẹ́. Mo wá béèrè pé, "Ibo lẹ sin wọ́n sí?"

"Ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò ehoro. Yánrin ti hù sórí ẹ̀. Akin fẹ́ ro ó, mi ò jẹ́ kó ro ó."

"Àwọn ehoro ńkọ́?"

"A kó wọn fún ẹlòmíràn. Wọ́n ń fẹsẹ̀ lulẹ̀ ṣáá lẹ́yìn tí Bàbá ẹ lọ, mi ò lè gbà á mọ́ra. Ilé wá dákẹ́." Ìyá mi fọn imú. "Mi ò mọ̀ pé dídákẹ́ ẹ̀ ló máa burú jù."

Ewé orí pákó ti rọ. Mo mú un, mo gé etí rẹ̀ jẹ. Ó korò, bó ṣe korò nílé náà ni. Mo gbé e mì. Mo na ìyókù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní, "Èmi náà ti jẹ ẹ́." Fún ìgbà díẹ̀, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni imú Bísíkíìtì yọ, irun ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n, ó fi eyín mú ewé náà létí, ó fà á kúrò lọ́wọ́ mi.

"Kí ló ń dún yẹn?" ìyá mi béèrè.

"Ehoro ni. Ó ń jẹ ewé."

"Gbé fóònù sún mọ́ ọn."

Mo gbé fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi náà sì dùbúlẹ̀, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lé ilẹ̀. A jọ ń gbọ́ ọ, wúrú wúrú wúrú, bó ṣe máa ń dún nínú àgò lẹ́yìn ilé láàárọ̀. Nígbà tí mo nawọ́ láti mú fóònù, mo gbọ́ ohùn wọn nílẹ̀.

"Má tíì gbé e kúrò," wọ́n ní. "Jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán."